Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Ìgbà Tí Merge Commit Yẹ Nínú Iṣẹ́ Àjùmọ̀ṣe

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè kọ́kọ́ dàbí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ọ̀rọ̀, orúkọ àti òwe jọ sórí Git àti GitHub, ọ̀nà tí a ń gbà da iṣẹ́ ènìyàn púpọ̀ pọ̀ sójú kan ti di ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó gbé YorubaName ró, ìyẹn ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2016, wà lórí GitHub. Iṣẹ́ tí Iroro Orife gbé jáde ní ọdún 2018 lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì wà níbẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹgbẹ́ Masakhane, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí àwọn èdè ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 2019.

Èrò tèmi ni pé, nínú irú àká iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ bá ti ọwọ́ ènìyàn tí ó ju ẹyọ kan lọ wá, merge commit ni ó yẹ kí a fi dà á pọ̀. Kò yẹ kí a tìtorí pé a fẹ́ kí ìtàn iṣẹ́ náà gún régé kí a wá pa ipasẹ̀ àwọn tí ó ṣe é rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ díẹ̀ yé àwọn tí Git ṣì ṣe àjèjì sí. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó dá Linux sílẹ̀, ni ó bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún 2005, nígbà tí àwọn tí ó ni BitKeeper, irinṣẹ́ tí àwọn oníṣẹ́ Linux ń lò tẹ́lẹ̀, gba àǹfààní ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún wọn padà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, Git ti tó ohun tí a lè fi tọ́jú Git fúnra rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún náà, ó fà á lé Junio Hamano lọ́wọ́, ẹni tí ó ti ń bójú tó o láti ìgbà náà wá. (Ọdún 2005 yìí kan náà ni Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Tai Solarin bẹ̀rẹ̀ ní Ìjagun, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde níhìn-ín. Ẹgbẹ́ ni òun àti Git.)

Mo máa ń pe ibi tí a ń kó iṣẹ́ sí ní àká, nítorí pé bí àgbẹ̀ ti ń kó irè oko sí àká ni a ń kó iṣẹ́ síbẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá parí nǹkan kan tí ẹ sì fẹ́ kí Git rántí rẹ̀, ẹ ó ṣe commit. Orúkọ yín, ọjọ́, àkókò àti àlàyé kúkurú yóò sì wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Git yóò fún un ní nọ́ńbà gígùn kan tí ó ṣírò láti inú ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti láti inú nọ́ńbà òbí rẹ̀, ìyẹn commit tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀ka ni a ń pe ọ̀nà tí ẹnì kan bá yà sí láti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láì da ti àwọn yòókù rú. Ẹ̀ka ńlá ni a sì sábà máa ń pè ní main. Commit lásán ní òbí kan. Merge commit ní òbí méjì: ibi tí ẹ̀ka ńlá dé, àti ibi tí ẹ̀ka kékeré dé. Òun ni oríta tí ọ̀nà méjì ti pàdé, ẹni tí ó bá sì dúró níbẹ̀ lè wo ọ̀nà méjèèjì padà sẹ́yìn.

Ọ̀nà méjì mìíràn wà tí àwọn ènìyàn ń gbà kó iṣẹ́ ẹ̀ka wọlé. Rebase ni kí Git mú àwọn commit inú ẹ̀ka ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tún wọn kọ bí ẹni pé orí iṣẹ́ tuntun inú ẹ̀ka ńlá ni a ti bẹ̀rẹ̀ wọn. Squash ni kí a fún gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. GitHub fi squash sí ara bọ́tìnnì ìdàpọ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2016, ó sì fi rebase kún un ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Àríyànjiyàn tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá di ti ojoojúmọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a wà ní Ìjẹ̀bú ju bí ó ti kan àwọn tí ó wà ní ìlú òyìnbó lọ. Git kò béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó ṣe commit. Orí ẹ̀rọ ẹni ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí iná kò sí ládùúgbò rẹ̀, tí owó dátà sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Àǹfààní ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, àwọn yòókù náà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tirẹ̀ àti ẹ̀ka ńlá yóò sì ti jìnnà síra kí wọ́n tó tún pàdé. Nítorí náà, ìdàpọ̀ tiwa kì í ṣe ìdàpọ̀ wẹ́rẹ́ ti àwọn tí ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ní wákàtí wákàtí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ń kó orúkọ oúnjẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jọ sínú fáìlì kan. Ọ̀kan ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà lẹ́nu wò ní Ìjẹ̀bú-Òde, èkejì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀kẹta sì wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé. Nígbà tí wọ́n dé orí oúnjẹ tí a ń fi ewùrà rínrin sè, ẹnì kìíní kọ ìkọ́kọrẹ́, ẹnì kejì kọ ìfọ́kọrẹ́, orí ìlà kan náà ni àwọn méjèèjì sì kọ ọ́ sí. (Àpẹẹrẹ lásán ni o, kí ará Ìjẹ̀bú-Igbó má ṣe bínú sí mi.) Git kò lè yanjú èyí. Yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò fi ẹ̀dà méjèèjì hàn, yóò sì sọ pé ìforígbárí wà. Ènìyàn ni yóò pinnu.

Ká ní wọ́n pinnu pé ìkọ́kọrẹ́ ni yóò jẹ́ orí ọ̀rọ̀, kí ìfọ́kọrẹ́ sì tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà. Bí ó bá jẹ́ merge commit ni wọ́n fi da iṣẹ́ náà pọ̀, ìpinnu yìí yóò wà nínú merge commit fúnra rẹ̀, lórúkọ ẹni tí ó ṣe ìdàpọ̀. Ẹni tí ó bá lo git show lórí rẹ̀ yóò rí ohun tí ó wà lápá kìíní, ohun tí ó wà lápá kejì, àti ohun tí a fi rọ́pò àwọn méjèèjì. Commit ẹnì kejì, tí ó sọ pé ìfọ́kọrẹ́ ni òun gbọ́, ṣì wà ní ibi tí ó wà. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá jẹ́ rebase ni wọ́n lò ńkọ́? Git yóò dúró lórí commit ẹnì kejì, yóò ní kí a tún un ṣe, lẹ́yìn náà yóò tún un kọ pẹ̀lú àtúnṣe náà nínú rẹ̀. Orúkọ ẹnì kejì kò kúrò lára rẹ̀, ọjọ́ tí ó kọ ọ́ kò sì yí padà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó bá ka ìtàn àká náà ní ọdún mẹ́wàá sí i yóò rò pé ẹnì kejì fúnra rẹ̀ ni ó gbọ́ ìkọ́kọrẹ́ lẹ́nu àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ti fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Nínú ètò kọ̀ǹpútà lásán, èyí lè má pa ẹnikẹ́ni lára; nínú ìmọ̀ èdè, ẹ̀rí ni a bà jẹ́. Ohun tí ó mú kí àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè wúlò ni pé a mọ ẹni tí ó gbọ́ ọ, ìlú tí ó ti gbọ́ ọ, àti ìgbà tí ó gbọ́ ọ.

Squash ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Lórí GitHub, bí a bá squash ẹ̀ka tí ènìyàn mẹ́ta ṣe, commit kan ṣoṣo ni yóò kù, tí yóò sì sábà jẹ́ orúkọ ẹni tí ó béèrè pé kí a gba iṣẹ́ náà wọlé ni yóò wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé GitHub máa ń to orúkọ àwọn yòókù sí ìsàlẹ̀ àlàyé gẹ́gẹ́ bí alájọkọ, ìyẹn sì dára. Ṣùgbọ́n ẹ lo git blame, àṣẹ tí ó ń sọ ẹni tí ó kọ ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, ẹ ó rí i pé gbogbo ìlà náà, ì báà ṣe igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún, ti di ti ẹnì kan. Kò sí bí ẹ ó ṣe mọ̀ láti inú rẹ̀ mọ́ èyí tí ó ti Ìjẹ̀bú-Òde wá àti èyí tí ó ti Peckham wá.

Ẹni tí ó bá ti dé Ojúde Ọba rí yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Ní ọjọ́ kẹta Iléyá, níwájú ààfin Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò wọlé wá pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀ àti orúkọ tirẹ̀: Gbóbaníyì ń bọ̀, Bọ́bagùnwà ń bọ̀, Jagunmólú ń bọ̀. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960 tí ó sì wàjà ní oṣù keje ọdún 2025, ni ó jí ètò ẹgbẹ́ ọjọ́ orí yìí dìde. Ojúde kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀, ọba kan náà ni wọ́n wá kí, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò ní kí wọ́n bọ́ aṣọ ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè jọra.

Àwọn kan yóò sọ pé bí kò bá sí ìforígbárí rárá, rebase kò ba nǹkan kan jẹ́, níwọ̀n ìgbà tí orúkọ kò parẹ́. Mo gbà dé ààyè kan. Ohun tí ó ń sọnù níbẹ̀ ni ààlà. Ogójì ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan kó bọ̀ láti ìrìn-àjò kan yóò tò mọ́ ti àwọn ẹlòmíràn, kò sì ní sí ohun tí yóò fi hàn pé ibí ni ìrìn-àjò náà ti bẹ̀rẹ̀, pé ibí ni ó parí sí. Bákan náà ni ó ń rí nígbà tí ẹ̀ka ńlá kò bá tíì kúrò lójú kan, nítorí pé Git kàn máa ń sún un síwájú láì ṣe merge commit kankan. Bí ẹ bá fẹ́ kí àmì ìdàpọ̀ wà, ẹ fi --no-ff kún git merge.

Ìforígbárí kan tún wà tí ó jẹ́ ti àwa Yorùbá gan-an. Unicode ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní nọ́ńbà kan fún é, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹnì kan lè tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ tí a fi àmì òkè kún, ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí é tí a fi àmì ìsàlẹ̀ kún, ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí e lásán tí a fi àmì méjèèjì lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ọ̀kan ni wọ́n. Lójú Git, tí kò mọ lẹ́tà, tí ó jẹ́ pé báìtì ni ó ń fi wéra, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní Peckham bá ṣí fáìlì náà nínú ètò tí ó máa ń tún àwọn àmì wọ̀nyí tò, tí ó sì tọ́jú rẹ̀, gbogbo ìlà tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni Git yóò sọ pé ó yí padà. Bí ẹlòmíràn bá sì ti fọwọ́ kan àwọn ìlà kan náà, ẹ ó bá ìforígbárí pàdé nínú ìlà tí ẹ̀dà rẹ̀ méjèèjì jọra bí ìbejì, ẹ ó wò ó títí, ẹ kò ní rí ìyàtọ̀.

Oògùn rẹ̀ ni kí gbogbo yín fẹnu kò sórí ìtò kan. NFC ni mo fara mọ́. Ẹ yí fáìlì padà sí i nínú commit tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ tó da ẹ̀ka pọ̀, kí àtúnṣe àmì àti àtúnṣe ọ̀rọ̀ má baà wọnú ara wọn. Ẹ má sì gbàgbé àwọn àkọsílẹ̀ tí ó fi ìlà kékeré olóòró sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì rogodo. NFC kò ní fọwọ́ kan ìyẹn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yí i padà.

Mo ti yin merge commit tó. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yin nìkan, tí ẹ kò tíì fi commit yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, tiyín ni. Ẹ tún un tò, ẹ rebase rẹ̀, ẹ squash gbogbo àwọn tí ẹ kọ "àtúnṣe" àti "àtúnṣe mìíràn" sí lára. Kò sí ẹlẹ́rìí tí ẹ fẹ̀tọ́ dù níbẹ̀. Ẹni tí ó sì ń tẹ git pull ní gbogbo òwúrọ̀, tí Git ń bá a ṣe merge commit tí àlàyé rẹ̀ kò ju pé a da main pọ̀ mọ́ main lọ, ń da ìdọ̀tí sójú ọ̀nà ni. git pull --rebase ni ó yẹ níbẹ̀, fún iṣẹ́ tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹni tí ó sì wá tún àmì ohùn kan ṣoṣo ṣe, ẹ squash tirẹ̀. Àmì kan kò nílò ayẹyẹ.

Ààlà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rékọjá ni rebase lórí ẹ̀ka tí ẹlòmíràn ti gbà sọ́wọ́. Nítorí pé inú nọ́ńbà òbí ni nọ́ńbà ọmọ ti ń wá, bí ẹ bá yí commit kan padà, gbogbo àwọn tí ó tẹ̀lé e ni yóò gba nọ́ńbà tuntun. Ẹlẹgbẹ́ yín ṣì ní àwọn ti àtijọ́ lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá fa iṣẹ́ yín wọlé, iṣẹ́ kan náà yóò di méjì nínú ìtàn. Bí ẹ bá sì fi git push --force tì í wọlé nígbà tí òun ti fi ohun tuntun ránṣẹ́ tí ẹ kò rí, iṣẹ́ tirẹ̀ yóò kúrò lórí ẹ̀ka tí gbogbo yín jọ ń lò. Ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣiṣẹ́ láì sí iná, tí ó wá fi owó ara rẹ̀ ra dátà láti fi í ránṣẹ́, irú èyí kọ́ ni ó yẹ kí ó bá pàdé.

Ẹ̀sùn tí a máa ń fi kan merge commit ni pé ó ń mú kí ìtàn lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà wo ìtàn ni ó kàn. git log --first-parent yóò tẹ̀lé òbí àkọ́kọ́ nìkan, ẹ ó sì rí ìdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan lórí ìlà kan tí ó mọ́, bí ẹni ń ka orí ìwé. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà nínú orí kan, ẹ ṣí i. Láti Git 2.29, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, git bisect náà, tí a fi ń wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé, ti ń gba --first-parent. Ohun tí ó wà ńlẹ̀ ni a lè fi pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Èyí tí a ti squash, kò sí àṣẹ tí yóò tú u padà láti inú ẹ̀ka ńlá.

Àǹfààní mìíràn ni pé bí iṣẹ́ ẹ̀ka kan bá ní àbùkù, git revert -m 1 lórí merge commit rẹ̀ yóò yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra níbí o: bí ẹ bá tún ẹ̀ka náà ṣe tí ẹ sì fẹ́ dà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, Git yóò rò pé àwọn commit àtijọ́ ti wọlé tẹ́lẹ̀, kò sì ní kó wọn wá. Ẹ ní láti kọ́kọ́ fi revert yọ revert ti ìṣáájú kúrò.

Ẹ kọ àlàyé sí i. Láti Git 1.7.10, ní ọdún 2012, ni git merge ti máa ń ṣí ojú ewé sílẹ̀ fún ẹni tí ó ń da ẹ̀ka pọ̀ kí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn ń pa á dé ni. Fún àpẹẹrẹ tí mo mú lókè yìí, ohun tí èmi yóò kọ síbẹ̀ ni pé: "Mo da ẹ̀ka Ìjẹ̀bú-Igbó pọ̀ mọ́ main. Ogójì ọ̀rọ̀ oúnjẹ, tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ìforígbárí kan: ìkọ́kọrẹ́ àti ìfọ́kọrẹ́. Mo fi ìkọ́kọrẹ́ ṣe orí ọ̀rọ̀ nítorí pé òun ni fáìlì ti ń lò níbòmíràn. Mo fi ìfọ́kọrẹ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà. Ẹni tí ó kó ọ̀rọ̀ náà jọ kò fara mọ́ ọn, ẹ wo commit tirẹ̀."